Ta Ni Yóò Tẹ OK Níbi Tí Kò Sí Èèyàn?

Ọmọ àbúrò mi kan wá kí mi nílé ní Tanke lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí n sọ fún òun bóyá iṣẹ́ náà dára. Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa ẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé èèyàn máa ń jókòó sínú yàrá tútù, á wọ gíláàsì, á sì máa tẹ nǹkan kíákíá. Mo ní gíláàsì nìkan ló dé ọ̀dọ̀ mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá tútù tí a lò, ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún. Àwa èèyàn kàn ń jẹ àjẹkù ni. Ní ti kíákíá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni fífi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kàn án. Màá jókòó sí yàrá kan, màá kọ àwọn àṣẹ tẹ̀léra wọn sínú fáìlì, màá rán fáìlì náà sí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, wọ́n á sì gba sọ́fítíwíà náà sára láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Ìyá mi, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ẹ̀ l'Ọ́jà Tuntun pé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ wo, á ní, "Ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ bi í ní nǹkan kan." Àwọn oníbàárà á ní kí Ọlọ́run fún mi ní àlàáfíà.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo kàwé ìṣirò, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ó tán.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Sálíù. Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, físíìsì ló kà, ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ iṣẹ́. Ó kórìíra ẹni tó ń ka oyè ara ẹ̀ lórí fóònù kó tó sọ ohun tó fẹ́. Ohun kejì tó kórìíra ni kọ̀ǹpútà tó ń béèrè ọ̀rọ̀. "Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń bi ọ́ ní ìbéèrè," ló máa ń wí, "o ò tíì ṣiṣẹ́ ẹ tán."

Nígbà tí mo dé, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ wa. A ó kó síídì sínú báàgì, a ó wọ kẹ̀kẹ́, a ó máa lọ láti gbọ̀ngàn kan sí òmíràn, a ó sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí síídì bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: Ṣé o gba àdéhùn? Níbo ni kí n kó ẹrù mi sí? Ṣé kí n fi àmì mi sójú ìwòran? A ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, a ó tẹ rárá, títí ìka á fi máa ro wá. Nígbà tí a bá fi máa dé orí kọ̀ǹpútà tó kẹ́yìn, àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà á ti gbé tuntun jáde, a ó tún padà sórí ti àkọ́kọ́. Mo mọ gbogbo onímáásà tó wà láàárín gbọ̀ngàn kan sí èkejì nínú yunifásítì yẹn.

Ìgbà tó yá ni Ọ̀gá Sálíù kà níbì kan pé púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí ló ṣeé pa lẹ́nu mọ́. Èèyàn á kọ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè wọn sínú àṣẹ kan ṣáájú, wọ́n á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ra wàrà fún gbogbo ọ́fíìsì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe kọ́ mi. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó gbé àga kan sáàárín yàrá, ó ní, "Rísí, jókòó. Ìwọ ni sọ́fítíwíà. Èmi ni kọ̀ǹpútà. Wọlé tọ̀ mí wá." Mo gbọ́dọ̀ fi ẹnu mi béèrè gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà náà máa ń béèrè, bó ṣe ń béèrè wọn tẹ̀léra, kí òun sì dá mi lóhùn. Ìdáhùn yẹn la ó wá kọ sínú àṣẹ. Bí mo bá fo ẹyọ kan, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ wọlé."

"Wọlé."

"Ṣé ẹ gba àdéhùn mi?"

"Mo gbà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Níbo ni kí n máa gbé?"

"Lọ́dọ̀ mi, níbi tí mo yà sọ́tọ̀ fún ọ."

"Bí mo bá parí, ṣé kí n pa yín kí n tún yín tàn?"

"Dánwò! Ta ló ní kó o máa pa onílé?"

Akọ̀wé kan tó ń gbé fáìlì kọjá gbọ́ "ṣé ẹ gbà", ó gbọ́ "mo gbà", ó gbọ́ "níbo ni kí n máa gbé". Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó lọ sọ fún gbogbo ilé pé Ọ̀gá Sálíù ń so yìgì pẹ̀lú ọmọ tuntun nínú ọ́fíìsì, láìsí àáfáà, láìsí ẹlẹ́rìí. Kó tó di àkókò ìrun Àsàrí, àwọn èèyàn ti ń béèrè obì lọ́wọ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tiẹ̀ gbàdúrà fún mi lójú ọ̀nà. Ìròyìn náà dé Ọjà Tuntun, níbi tí ìyàwó ọ̀gá mi ti ń ta aṣọ, ìyẹn sì wọ kẹ̀kẹ́ wá.

Ó bá wa lórí àga, mo ń béèrè bóyá kí n fi àmì mi sójú ìwòran. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ títí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bàṣírù, ṣé èyí ni iṣẹ́ tí ẹ ń torí ẹ̀ pẹ́ kí ẹ tó wálé?"

"Iṣẹ́ ni," ọ̀gá mi wí, kò wo òkè.

"Ó dáa. Ọmọ mi, bá mi bi kọ̀ǹpútà ẹ: ṣé ó gba àdéhùn pé yóò máa tètè wálé?"

Láti ọjọ́ náà, òun ló di ìyá mi níbi iṣẹ́.

Òfin kan tún wà tí Ọ̀gá Sálíù kì í fi ṣeré. A kì í rán àṣẹ sí gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kọ́kọ́ rán an sí ẹyọ kan, a ó dúró títí yóò fi dá òdo padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ fetí sí èyí: nínú iṣẹ́ wa, òdo ni máàkì tó ga jù. Kọ̀ǹpútà tó bá parí iṣẹ́ láìsí àṣìṣe á kọ òdo ránṣẹ́. Nọ́ńbà yòówù mìíràn, wàhálà ti dé. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn olùkọ́ nígbà kan, wọ́n ní iṣẹ́ tí òdo ti jẹ́ àṣeyọrí kò ní í jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kàwé.

Ọdún ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Síídì lọ, fíláàṣì dé. Fíláàṣì lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú wáyà rán iṣẹ́ wa. Ọ̀gá Sálíù fẹ̀yìn tì, ó lọ ń bá ìyàwó ẹ̀ ka aṣọ l'Ọ́jà Tuntun, mo sì di olórí ẹ̀ka wa. Ìgbà yẹn ni sáfà dé, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù irin. Inú ẹ̀ la dá àwọn kọ̀ǹpútà tí kò ní ara sí. Wọn ò ní àpótí, wọn ò ní bọ́tìnnì, ọwọ́ ò lè kàn wọ́n, àmọ́ kọ̀ǹpútà gidi ni wọ́n. Gíláàsì ìwòran àti pátákó ìtẹ̀wé nìkan la kó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Yàrá wa ni kọ̀ǹpútà fúnra wọn ń gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àlejò pàtàkì kan fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó ní, "Gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ló wà nínú èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ronú sí i, ó ní, "Ṣé wọn ò há mọ́ra?"

Ọdún tí sáfà dé náà ni wọ́n gbé Dáírẹ́kítọ̀ tuntun lé wa lórí. Ó ní oyè débi pé orúkọ ẹ̀ kì í wọ ojú ìlẹ̀kùn tán. Bí a bá ń kọ̀wé sí i, a gbọ́dọ̀ kọ Dókítà, ká kọ Ẹnjinía, ká kọ Alhaji, ká tó kan orúkọ; àwọn lẹ́tà mìíràn tún wà lẹ́yìn orúkọ tó dà bí ẹni pé ọmọdé ló jókòó lé pátákó ìtẹ̀wé. Ẹ má gbọ́ mi ṣì o, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n rí òun ni.

Àwọn tó wà lókè kò fẹ́ràn ẹ̀ka wa nígbà náà. Ìdánwò kan ti dàrú ṣáájú, torí sọ́fítíwíà kan dédé ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ìdánwò bóyá wọ́n fẹ́ tuntun. Wọ́n sún ìdánwò náà síwájú. Rẹ́jísírà pè mí, ó ní, "Alhaja, bí ìdánwò yìí bá tún yẹ̀, bébà la ó padà sí. Ẹ̀yin àti Múnírù yín, ẹ ó wá bá wa máa gbé fáìlì." Múnírù ni igbákejì mi, ọmọkùnrin tí kò lè gbé ife tíì kó má dà á nù. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fún un ní fáìlì, yunifásítì máa tú ká.

A múra. Èmi ni sọ́fítíwíà, Múnírù ni kọ̀ǹpútà, a béèrè, a dáhùn, a kọ àṣẹ wa. Ẹyọ kan dá òdo padà. Ó kù ká rán an sí ìyókù láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, bí ìlànà ìdánwò ṣe là á sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni Dáírẹ́kítọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹni tó ta sọ́fítíwíà náà fún wa. Wọ́n gbé tuntun dání. Bó bá ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà, àwòrán Dáírẹ́kítọ̀ á yọ, nínú agbádá funfun, pẹ̀lú gbogbo oyè, á ní "Ẹ káàbọ̀ sí àkókò ọ̀tun", OK á sì wà nísàlẹ̀. Ó dán an wò níṣojú wa lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì mi. Àwòrán yọ, òun fúnra ẹ̀ tẹ OK, ẹni tó tà á pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Sà, ta ni yóò tẹ OK yìí láàárọ̀?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi."

"Sà, àárọ̀ kò sí ẹni tó máa wà níbẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà yìí ò ní ara, gíláàsì inú gbọ̀ngàn kì í sì í fi nǹkan kan hàn títí sọ́fítíwíà á fi wọlé tán."

Ẹni tó tà á dá sí i, ó búra pé bí a bá ti ní kí sọ́fítíwíà dákẹ́, àwòrán náà á dákẹ́ pẹ̀lú. Dáírẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tuntun yìí ni ká lò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà a ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo rán an sí ẹyọ kan. Ó dákẹ́. Mo dúró de òdo, òdo ò dé. Dáírẹ́kítọ̀ pè lórí fóònù, ó ní òun ń mú àwọn àlejò bọ̀, wọ́n fẹ́ bá gbogbo ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí n rán an sí gbogbo wọn. Mo ní ti àkọ́kọ́ ò tíì parí. Ó ní, "Alhaja, ṣé èmi ni Dáírẹ́kítọ̀ ni àbí ẹ̀yin?" Mo rán an.

Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti fi gbogbo ayé mi wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ti ọjọ́ yẹn ò dùn ún gbọ́. Mo gba ojú fèrèsé wòta, mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òmíràn ń jẹ àkàrà, òmíràn ń ka ìwé tí kò lè yé e mọ́. Múnírù ń wo fáìlì tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Alhaja, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e?"

Mo pe Ọ̀gá Sálíù. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn ẹ̀.

"Wọ́n dákẹ́, sà, wọn ò sì dá nǹkan kan padà."

"Rísí, jókòó."

"Mo ti jókòó, sà."

"Ìwọ ni sọ́fítíwíà. Wọlé."

Mo bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Mo béèrè àdéhùn, Múnírù ní àwá gbà. Mo béèrè ibi tí màá gbé, Múnírù júwe ẹ̀. Mo ní, "Mo ti kó ẹrù mi wọlé. Mo wá gbé àwòrán Dáírẹ́kítọ̀ dìde. Mo ní ẹ káàbọ̀ sí àkókò ọ̀tun. Mo ní OK."

Ọ̀gá Sálíù wá ní, "Ta ló dá ọ lóhùn?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni, sà."

"O ti rí i. Wọn ò sùn. Wọ́n ń dúró ni."

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀ tó ń béèrè bóyá èmi ni, àti bóyá kọ̀ǹpútà ti gba àdéhùn. Mo ní kí ọ̀gá mi bá mi kí wọn.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò ṣòro. Sọ́fítíwíà gan-an wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé fún wa, bí ẹ̀pà ṣe ń wà nínú èèpo. Àwòrán jẹ́ èèpo. Ká lé àwọn tó ń dúró de OK kúrò, ká bó èèpo, ká rán ẹ̀pà. Àmọ́ ìwé Dáírẹ́kítọ̀ wà lórí tábìlì pé a ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan. Òun náà ló sì ń gòkè bọ̀ yẹn, pẹ̀lú àwọn àlejò àti ẹni tó gbé kámẹ́rà.

"Alhaja! Ṣé wọ́n ti rí mi?"

Mo ní kó sún mọ́ ọ̀dọ̀ mi díẹ̀. Mo fi àwòrán tí a dán wò nírọ̀lẹ́ àná hàn án, mo ní, "Sà, bí ẹ ṣe rí yìí lẹ wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn nísinsìnyí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀."

Inú ẹ̀ dùn. "Àwòrán yẹn jáde dáadáa."

"Ó jáde, sà. Àmọ́ yàrá tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, kò sí èèyàn níbẹ̀. Kò ní gíláàsì, kò ní bọ́tìnnì. Ẹ ń dúró kí ẹnì kan dá yín lóhùn, ẹnì kankan ò ní í wá. Bí ẹ kò bá sì kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ tó wà níta ò ní í rí ìdánwò kọ."

Ó wo ara ẹ̀ nínú agbádá funfun. Ó wo ojú fèrèsé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi, mo ṣì ń torí ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un títí dòní.

"Bí ẹ bá yọ mí, ṣé wọ́n á kọ ọ́?"

"Wọ́n á kọ ọ́, sà."

"Ó dáa." Ó yíjú sí ẹni tó gbé kámẹ́rà, ó ní kó gbé e sílẹ̀ ná. Ó wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń ṣe sàráà: "Ẹ yọ mí."

A yọ ọ́. Mo rán an sí ẹyọ kan, Dáírẹ́kítọ̀ fúnra ẹ̀ sì bá mi dúró, kò kán mi lójú. Nígbà tí èsì ẹ̀ dé, mo rán an sí ìyókù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójú ìwòran: òdo, òdo, òdo.

"Wọ́n ti féèlì!" Dáírẹ́kítọ̀ gbá orí mú.

"Rárá, sà! Òdo la fẹ́!"

"Ta ló ń fẹ́ òdo?"

"Àwa ni, sà!"

Bí òdo tó kẹ́yìn ṣe wọlé, Múnírù fò sókè, ó da tíì sí agbádá Dáírẹ́kítọ̀, ọkùnrin yẹn sì ń rẹ́rìn-ín bíi ti inú àwòrán ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, wọ́n jókòó, kọ̀ǹpútà ò bi wọ́n ní nǹkan kan àyàfi ìdánwò. Rẹ́jísírà ò pè mí. Nínú iṣẹ́ wa, ìyẹn ni oríyìn. Dáírẹ́kítọ̀ gbé àwòrán ẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, níbi tí ẹni tó ní ojú lè rí i, wọn ò sì tú ẹ̀ka wa ká títí dòní.

Mo fẹ̀yìn tì láìpẹ́ yìí. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni kan ní mo jẹ́ òpó ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo wo ẹ̀yìn bóyá òpó kan ń bọ̀. Lẹ́yìn náà Múnírù, tó ti di olórí, ní kí n wá sí gbọ̀ngàn. Ó pa àṣẹ kan láti orí fóònù ẹ̀. Gbogbo gíláàsì ìwòran tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ojú mi sì wà nínú gbogbo wọn, pẹ̀lú "Alhaja, ẹ ṣeun."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo yíjú sí i.

"Múnírù, ta ni yóò tẹ OK?"

"Alhaja, ẹ wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Kò sí OK níbẹ̀. Ojú mi rẹ́rìn-ín fúngbà díẹ̀ nínú gbogbo kọ̀ǹpútà yẹn, ó wá pa ara ẹ̀ dé wọ́ọ́rọ́wọ́, láìdúró de ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Múnírù na fóònù sí mi kí n rí i. Òdo ló kún inú ẹ̀ látòkè délẹ̀.